Lorraine Ló Kú, Kì í Ṣe Buddy Marlowe

Lorraine Santoro, ìyàwó mi, kú ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹjọ oṣù Kejì ọdún 2022, ní aago mẹ́wàá àárọ̀ kọjá díẹ̀, ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan níbí ní Brooklyn. Ẹni ọgọ́rin ọdún ni. Mo sọ ọjọ́ náà, mo sì sọ aago rẹ̀, nítorí pé àwọn kan wà tí kò gbà pé ó wáyé rí, áḿbọ̀sì kí wọ́n gbà pé ó kú.

Ẹni tó wáyé lójú tiwọn ni Buddy Marlowe. Nínú ìwé wọn, Buddy Marlowe ní ọjọ́ ìbí. Ó ní ìlú tí wọ́n ti bí i, Cleveland ní ìpínlẹ̀ Ohio. Ó ní ìyàwó tó kọ̀ ọ́ sílẹ̀, ó ní ọtí tó ń mu, ó sì ní ọjọ́ ikú, ní ọdún 1984. Ní ìparí oṣù Kẹta tó kọjá, nǹkan bí igba èèyàn dìde dúró ní gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì kan ní New Jersey, wọ́n dákẹ́ fún odindi ìṣẹ́jú kan nítorí rẹ̀. Èmi náà dìde. Orúnkún mi kò gbà mí láyè mọ́, ṣùgbọ́n mo dìde, nítorí mo rò pé orúkọ ìyàwó mi ni wọ́n máa pè tẹ̀ lé e. Wọn kò pè é. Ẹni tí ìyá kankan kò bí ni wọ́n ń ṣọ̀fọ̀. Ẹni tí mo sin ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú kò sí nínú ìwé wọn.

Orúkọ mi ni Carmine Santoro. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni mí. Dùùrù ni mo fi jẹun láyé mi. Kì í ṣe pé mò ń tẹ̀ ẹ́ o, mò ń gbé e ni. N kò kọjá kíláàsì kẹfà tí bàbá mi fi okùn awọ kọ́ mi léjìká tó ní, “Carmine, gbé apá ọ̀tún.” N kò mọ orin kà, ìwé gan-an, díẹ̀díẹ̀ ni mò ń kà á. Èmi ni mò ń sọ ọ̀rọ̀ yìí, Denise, ọmọ mi àgbà, ló ń kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kó má fi ṣúgà sí i. Ó ní, “Ẹ máa sọ ọ́ lọ, Bàbá.” Ó dáa, mò ń sọ ọ́ lọ. Olóòtú ìwé ìròyìn àdúgbò yìí ló ní òun máa tẹ̀ ẹ́, nítorí pé èmi ni mo gbé dùùrù ìyá rẹ̀ àgbà gòkè ní ọdún 1971 tí n kò fi ha ògiri wọn. Ó kéré tán, ẹnì kan rántí iṣẹ́ tí ẹnìkejì ṣe.

Ní ọdún 1962, èmi àti bàbá mi gbé dùùrù kan lọ sí ilé alájà mọ́kànlá kan ní Manhattan. Ẹ̀yin àgbà mọ irú ilé bẹ́ẹ̀ láyé ìgbà náà: yàrá kéékèèké bíi kọ́bọ́ọ̀dù, dùùrù kan àti àga méjì nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń hun orin jáde bí ẹni ń dín dónọ́ọ̀tì. Ẹni tó bá gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá á gbọ́ orin méjìlá lẹ́ẹ̀kan náà, á sì dé ìparí rẹ̀ pẹ̀lú orí fífọ́. Lífìtì kò gba dùùrù, àtẹ̀gùn la gbà. Nígbà tí a fi máa dé òkè, òógùn ti wọ̀ mí lójú. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tó ki pẹ́ńsù bọ irun rẹ̀. Kò kí mi. Ó ní:

“Má fi ẹ̀yìn ẹ̀ ti ògiri yẹn.”

“Kí ló ṣe ògiri?”

“Ògiri létí. Orin tí mo ṣe níbí lánàá, wọ́n ti ń kọ ọ́ ní yàrá kejì láàárọ̀ yìí.”

“Ibo wá ni kí n gbé e sí, Ìyá Olórin?”

“Àárín yàrá. Tí kò bá wá jẹ́ kó o ráyè jáde, jókòó.”

Kò sì jẹ́ kí n ráyè jáde lóòótọ́. Dùùrù náà dí ẹnu ọ̀nà pa, bàbá mi wà lóde, ó ń fi èdè ilé wa bú mi. Mo jókòó. Ọgọ́ta ọdún ni mo fi jókòó.

Sid Lasker, ọ̀gá iléeṣẹ́ orin tó gba Lorraine, ọmọbìnrin elépẹ́ńsù yẹn, síṣẹ́, ló bí Buddy Marlowe. Ó pe Lorraine, ó ní àwọn tó ń lu àwo ní rédíò kì í fi ojú ire wo orin tí wọ́n bá rí i pé ọmọbìnrin kan láti Greenpoint ní Brooklyn ló ṣe é. Lorraine máa ń sín in jẹ, á fẹ ikùn bíi ti Sid, á tẹ sìgá tí kò sí níbẹ̀ mọ́ ẹnu:

“Láti òní lọ, Buddy Marlowe ni ẹ́.”

“Ta ló ń jẹ́ Buddy Marlowe?”

“Ìwọ náà kọ́? Àbí èdè wo ni mò ń sọ?”

“Ó dáa, sà. Ṣé Buddy á máa bá mi fọ aṣọ?”

Báyìí ni Buddy ṣe wọ ilé wa. Bí ọbẹ̀ bá jóná, Buddy ló sè é. Bí ẹnì kan bá gbàgbé láti ti ilẹ̀kùn, Buddy ló jáde kẹ́yìn. Nígbà tí ìyá mi bá bi wá pé ta ló mu wáìnì òun dé ìdajì, èmi àti Lorraine á wo ara wa, a ó ní, “Mọ́mì, Buddy ni.” Títí ìyá mi fi kú, kò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó kórìíra rẹ̀. Àwàdà ni lójú wa. A kò mọ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí àwọn ọ̀mọ̀wé máa gbẹ́ sàréè fún un.

Nínú gbogbo orin tó ṣe, méjì péré ni mo fẹ́ sọ. Ìkínní ni “Òjò Kò Bi Mí Léèrè”, ti ọdún 1964. Ọjọ́ tí a sin ìyá rẹ̀ ló ṣe é. A ti ibi ìsìnkú dé, mo ń wá omi gbígbóná fún tíì, ó ti jókòó sídìí dùùrù tòun ti ẹ̀wù òtútù lọ́rùn, ìbọ̀wọ́ kan ṣì wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀. Kò bọ́ ọ. Ọwọ́ òsì orin yẹn wúwo títí dòní, àwọn tó gbọ́n sì máa ń ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Ìbọ̀wọ́ ni.

Ìkejì ni “Jẹ́ Kó Yọ́ Lẹ́nu”, ti ọdún 1968. Orin ṣingọ́ọ̀mù ni wọ́n ń pe irú rẹ̀: ó dùn, ó wú bí bọ́ọ̀lù, ó bẹ́, o sì fẹ́ òmíràn. Ẹgbẹ́ olórin tí wọ́n ní ó kọ ọ́ kò sí. Ọkùnrin márùn-ún tí wọ́n fi yíǹkì yà sẹ́yìn páálí kọ́nfúléèkì ni. Àwo náà pàápàá, ẹ̀yìn páálí náà ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí. Ẹ ó jẹ kọ́nfúléèkì tán, ẹ ó fi sísọ́ọ̀sì gé àwo yín jáde, ẹ ó sì gbé e sórí ẹ̀rọ. Denise jẹ́ ọmọ ọdún méjì nígbà náà. Lorraine máa ń gbé e lọ síbi iṣẹ́, á fi í jókòó sórí dùùrù tí mo gbé wá, á máa tẹ orin fún un. Ibi tí Denise bá ti pàtẹ́wọ́, ó fi í sílẹ̀. Ibi tí kò bá ti pàtẹ́wọ́, ó gé e sọnù. Ẹ̀yin tó ń sọ pé orin ọmọdé kò níṣẹ́ nínú, ẹ lọ wá ọmọ ọdún méjì kan, kí ẹ jẹ́ kó pàtẹ́wọ́ sí ibì kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láì sunkún. Bí ẹ bá ṣe é tán, ẹ wá bá mi.

Ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ nígbà tí a bí ọmọ kẹta. Kò ráhùn. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní dùùrù, ó ń tẹ̀ ẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Àìkú, ó sì ń bú ohùn àwọn ẹgbẹ́ akọrin bí wọ́n bá ti lọ tán.

Ẹ jẹ́ ká dé ilé ìtọ́jú. Ní oṣù Kejìlá tó kọjá, a jókòó sí yàrá ìgbàlejò wọn lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, rédíò wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ “Jẹ́ Kó Yọ́ Lẹ́nu”. Lorraine, tí kò ti sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀, na ìka sókè.

“Èmi ni mo ṣe èyí.”

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀yin náà, Màmá! Ẹ ò sọ fún wa látijọ́ yìí.” Ó sì fa fóònù yọ. “Màmá, wọ́n ní Buddy Marlowe ló ṣe é. Ọkùnrin ni. Ó tiẹ̀ ti kú.”

“Èmi ni Buddy Marlowe.”

Nọ́ọ̀sì wò mí. Mo ní, “Òótọ́ ló ń sọ.” Ó wò mí bí ẹni tó ń wo àwọn méjì tó nílò bẹ́ẹ̀dì.

Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n kọ sínú fáìlì rẹ̀? Denise kà á fún mi. Wọ́n kọ ọ́ pé ọpọlọ rẹ̀ ti ń dàrú, ó ń pe ara rẹ̀ ní ọkùnrin tó ti kú. Dókítà fi oògùn kún oògùn rẹ̀ láti mú un dákẹ́. Mo lọ bá a. Mo ní, “Dókítà, orí obìnrin yìí pé. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń sọ fún yín.” Ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká, ọmọ tí mo lè bí bàbá rẹ̀, ó ní, “Bàbá, mo rí i pé ẹ fẹ́ràn wọn gan-an.” Láti ìgbà náà títí dé ìparí oṣù Kíní, oorun ni Lorraine ń sùn. N kò ní pé oògùn ló pa á. Àyà rẹ̀ ló pa á. Ṣùgbọ́n oṣù Kíní yẹn, tèmi àti tirẹ̀ ni. Odindi oṣù kan péré ló kù fún wa láyé, wọ́n sì gbà á, nítorí pé ó sọ òótọ́ níwájú ẹni tó ní fóònù.

Nígbà tó kú, wọ́n kọ iṣẹ́ rẹ̀ sínú ìwé ikú. Wọ́n kọ “ìyàwó ilé”.

Denise ló gbọ́ nípa ẹgbẹ́ yẹn, àwọn tó dìde fún Buddy ní New Jersey, tí wọ́n fẹ́ràn orin ayé 1960. Ó ní wọ́n máa ń pàdé ní gbogbo oṣù Kẹta, wọ́n sì máa ń ka orúkọ àwọn tó ti kú láàárín ọdún: àwọn tó hun orin, àwọn tó kọ ọ́, títí dé ẹni tó ń lu ìlù lẹ́yìn. Ó kọ lẹ́tà sí wọn lẹ́ẹ̀mẹta pé ìyá òun ti kú. Kò sí èsì. Mo ní, “Kò burú, jẹ́ ká lọ. Bóyá wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀, wọn kò kàn ráyè fèsì ni.” Mo wọ kóòtù tí mo wọ̀ níbi ìsìnkú.

Ibẹ̀ ń hó. Àwọn arúgbó ọkùnrin wọ ẹ̀wù tí wọ́n rà nígbà tí wọn kò tíì ní ikùn. Àwo wà lórí tábìlì lọ́tùn-ún lósì. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú ìdákẹ́ tí mo ti sọ, wọ́n gbé àga méjì sórí pèpéle fún àríyànjiyàn ọdọọdún wọn: ta ló sàn jù, àwọn ahunrin gidi, ìyẹn àwọn tó ń hun orin àgbà, ni tàbí orin ṣingọ́ọ̀mù? Ẹni tó dúró fún àwọn ahunrin gidi ni Wendell Krause, dókítà eyín tó ti fẹ̀yìn tì, tó kọ ìwé ńlá tí gbogbo wọn ń wò. Ẹni tó dúró fún ṣingọ́ọ̀mù ni Marcy Dubrow, tó ń wa bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ ilé ìwé.

“Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́,” ni Wendell wí. “Orin tí ọmọ ọdún mẹ́jọ ti mọ̀ lórí kó tó gbọ́ ọ tán, ṣé orin nìyẹn?”

“Ìwọ tó o ti ń gbọ́ ọ láti ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta, o ò tíì mọ̀ ọ́n kọ,” ni Marcy fèsì. “Gbogbo wa la gbọ́ ẹ níbi ọjọ́ ìbí mi.”

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín.

“Marcy, ṣingọ́ọ̀mù kì í ṣe oúnjẹ.”

“Ta ló ní oúnjẹ ni? Ta lo ti rí tó ń jó nítorí ẹ̀fọ́ tútù?”

Mo gbádùn wọn, kí n má parọ́. Wendell wá gbé ohùn sílẹ̀, ó ní, “Ẹ gbọ́ ‘Òjò Kò Bi Mí Léèrè’. Ẹ gbọ́ ọwọ́ òsì yẹn. Ẹni tó ṣe orin yìí ti sìnkú ẹnì kan lọ́jọ́ náà. Mo fi orí mi búra.” Mo mi orí. Mo ní nínú ara mi pé, ọkùnrin yìí létí.

Ó wá ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ó ní, “Ohun tó ń dùn mí ni pé Buddy Marlowe kan náà ló já bọ́ láti orí èyí wá sórí ‘Jẹ́ Kó Yọ́ Lẹ́nu’. Ọtí ló fà á. Obìnrin ló sì fa ọtí.”

“Kò já bọ́ o,” ni Marcy pariwo. “Ó fò ni!”

“Denise ló bà á jẹ́, Marcy. Ìwọ náà mọ̀. Ó wà lára àwo.”

Mo yíjú wo ọmọ mi. Ó yíjú wò mí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Àwọn tó ń kó àwo jọ máa ń gbé e súnmọ́ iná, wọ́n á wo ibi dídán tó wà láàárín orin àti ìwé àárín àwo, nítorí pé ẹni tó gé àwo máa ń fi abẹ́rẹ́ ha ọ̀rọ̀ kékeré síbẹ̀. Ní ti “Jẹ́ Kó Yọ́ Lẹ́nu”, ṣáájú ti páálí, wọ́n ṣe àwo gidi fún rédíò. Lára rẹ̀ ni wọ́n ha á sí pé, “Denise ti sùn.” Wendell fi ojú ìwé mọ́kànlá ṣàlàyé ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí. Ó ní Denise ni àlè Buddy. Ó ní “sùn” túmọ̀ sí pé ó ti bá ọkùnrin mìíràn lọ. Àwọn kan nínú wọn ní rárá, ó túmọ̀ sí pé ó ti kú. Wọ́n ti bá ara wọn jà lórí rẹ̀ láti nǹkan bí ogún ọdún, méjì nínú wọn kì í kí ara wọn mọ́.

Òótọ́ rẹ̀ rèé. Augie ni ọ̀rẹ́ wa tó ń gé àwo. Lorraine kò lè lọ jókòó tì í, ọmọ wà nílé. Augie á gbé orin sí etí tẹlifóònù kí Lorraine gbọ́ ọ kó tó gé e. Ṣùgbọ́n bí Denise bá jí, ariwo rẹ̀ kì í jẹ́ kí ìyá rẹ̀ gbọ́ nǹkan kan. Bó bá ti sùn, Lorraine á pe Augie, á ní, “Denise ti sùn,” Augie á sì mọ̀ pé kí òun bẹ̀rẹ̀. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ sùn, ìyá ṣiṣẹ́. Irú ọ̀rọ̀ tí ìyá èyíkéyìí nínú gbọ̀ngàn yẹn ì bá ti mọ̀ láìwò ó lẹ́ẹ̀mejì, bí wọ́n bá bi í.

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa mí. N kò tíì rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ láti ìgbà ìsìnkú.

“Bàbá, ṣé ẹ ní ìbéèrè ni?” ni Wendell wí láti òkè.

“Mi ò ní ìbéèrè. Èsì ni mo ní.” Mo dìde, mo sọ gbogbo rẹ̀ bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún yín yìí. Mo fi ọwọ́ hàn wọ́n. “Denise nìyí. Ó ti jí.”

Wọ́n pàtẹ́wọ́, àwọn kan rẹ́rìn-ín. Wendell dúró títí wọ́n fi dákẹ́. “Ẹ ṣeun, Bàbá. Ìtàn yẹn dùn. Ṣùgbọ́n orúkọ Denise pọ̀ bí ilẹ̀ nígbà náà.”

Ó tẹ nǹkan kan lọ́wọ́, àwòrán sì hàn lára ògiri. Pátákó idẹ ni, tí wọ́n fẹ́ kàn mọ́ ẹnu ọ̀nà ilé alájà mọ́kànlá yẹn ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kẹfà: “Níhìn-ín ni Buddy Marlowe ti ṣiṣẹ́.” Wọ́n fín ojú Buddy sí i lókè. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó fi ìgúnpá ti dùùrù, tó ń wo ọ̀ọ́kán bí ẹni tí ìrònú ń pa.

Èmi ni.

Mo rántí ọjọ́ náà dáadáa. Ayàwòrán Sid wá, ó ń wá ẹni tó máa dúró ti dùùrù bíi Buddy. Lorraine yá mi ní kóòtù ẹlòmíràn láti yàrá kejì, ó dúró sẹ́yìn ayàwòrán, ó ní, “Ṣe bí ẹni tó ń ronú.” Ìbàdí mi ni mò ń rò. Àtẹ̀gùn ilé alájà mọ́kànlá ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ gùn.

“Èmi nìyẹn o,” ni mo wí. Wọ́n tún rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí wọ́n ń rín fún arúgbó. Marcy nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó sọ̀kalẹ̀ láti orí pèpéle, ó wò mí, ó wo ògiri, ó tún wò mí.

“Wendell. Wo imú Bàbá.”

“Marcy, jọ̀ọ́.”

“Mo ní kó o wo imú!”

Wendell wò ó. Mo rí i pé ó wò ó. Ojú rẹ̀ yí padà bí ti ẹni tó gbé ẹsẹ̀ lé àtẹ̀gùn tí kò sí níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rántí òfin. Ó ní ẹgbẹ́ àwọn kì í yí nǹkan padà láìjẹ́ pé ó wà nínú ìwé mẹ́ta tí a tẹ̀ jáde. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò tó.

“Ìwé mélòó ló sọ pé Buddy wà?” ni mo bi í.

“Mẹ́rin.”

“Ta ló kọ wọ́n?”

Marcy ló bá a dáhùn: “Òun ló kọ ọ̀kan. Àwọn mẹ́ta tó kù wò ó kọ.”

Kí a tó lọ, Wendell bá wa ní ẹnu ọ̀nà. Ó ní òun lè fi ìlà kan sí ìsàlẹ̀ ìwé nígbà tí wọ́n bá tún un tẹ̀: “Àwọn kan sọ pé obìnrin kan ràn án lọ́wọ́.” Ó rò pé inú mi máa dùn. Ọgọ́ta ọdún tí mo fi mọ obìnrin yẹn, mo mọ ìró bàtà rẹ̀, mo mọ ẹyin tó máa ń dín fún mi tí etí rẹ̀ máa ń jó, mo sì mọ orin tó máa ń fi imú kọ bí inú bá ń bí i sí mi. Ó wá di “àwọn kan sọ pé.”

Owó kọ́ ni mò ń wá. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn bo ọ̀rọ̀ mi mọ́lẹ̀.

Mo fẹ́ bi yín léèrè. Iléeṣẹ́ tó jogún orin Sid Lasker, ẹ̀yin tí ẹ wà lókè ilé gíga yẹn, ìwé àdéhùn tí Lorraine fọwọ́ sí wà lọ́dọ̀ yín, orúkọ rẹ̀ ní ìsàlẹ̀, ti Buddy lókè. Denise pè yín, ẹ ní ó wà ní ilé ìkẹ́rùsí, ẹ kò sì mọ àpótí wo ni. Ẹ mọ àpótí tí orin wà. Ẹ kò kàn mọ àpótí tí orúkọ wà ni? Ẹ̀yin ilé ìtọ́jú, bí arúgbó ọkùnrin kan bá sọ pé òun jagun, ẹ máa ń gbé àsíá sí ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀. Kí ló dé tí obìnrin sọ pé òun ṣe orin, tí ẹ gbé oògùn fún un? Ìwọ Wendell, ìwọ ni ọ̀rọ̀ rẹ dùn mí jù, nítorí pé n kò lè kórìíra rẹ. Nínú gbogbo gbọ̀ngàn yẹn, ìwọ nìkan lo gbọ́ pé ẹni tó ṣe orin yẹn ti ibi ìsìnkú dé. O gbọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀! Etí wo ló ń gbọ́ ìbọ̀wọ́ tí kò gbọ́ obìnrin tó wọ̀ ọ́? Àti ẹ̀yin méjèèjì tí ẹ ń jà, ahunrin gidi àti ṣingọ́ọ̀mù, ọwọ́ kan náà ni, orí dùùrù kan náà. Èmi ni mo gbé e gòkè. Ìgbà tó sọkún, ẹ ní ọkùnrin ni. Ìgbà tó ṣeré, ẹ ní ọkùnrin náà ti ya ọ̀mùtí.

Bí wọ́n bá kan pátákó yẹn mọ́ ògiri, àwọn tó ń kọjá lọ á dúró níwájú rẹ̀, wọ́n á máa wo ojú mi, wọ́n á ní, ẹ wo ọlọ́gbọ́n. Ọgbọ́n kí ni? Ti ẹrù gbígbé? Èmi tí mo kàn mọ apá ọ̀tún àti apá òsì, wọ́n fẹ́ fi ojú mi bo ojú ìyàwó mi mọ́lẹ̀ títí ayé. Ìwà àbùkù méjì ni. N kò gbà.

Nítorí náà, kí ẹ gbọ́ ohun tí mo ń béèrè. Kí ẹgbẹ́ yẹn dá pátákó náà dúró, kí wọ́n yọ ojú mi kúrò, kí wọ́n sì kọ Lorraine Santoro síbẹ̀. Kí iléeṣẹ́ orin gbé ìwé náà jáde kí ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kẹfà tó pé, kí wọ́n sì sọ orúkọ ẹni tó ní kí wọ́n fi pamọ́. Kí ilé ìtọ́jú ṣí fáìlì, kí ẹni tó kọ ìlà yẹn fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa á rẹ́, kó sì kọ òótọ́ síbẹ̀: ó sọ iṣẹ́ rẹ̀, a kò gbà á gbọ́. Kí ìwé ikú má ṣe sọ “ìyàwó ilé” mọ́. Ní oṣù Kẹta tó ń bọ̀, kí Wendell Krause dìde níwájú igba èèyàn, kó pe orúkọ rẹ̀, kó sì dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan. Ó mọ̀ ọ́n ṣe, ó ṣe é fún Buddy.

Wọ́n ní ìwé mẹ́ta tí a tẹ̀. Eléyìí tí ẹ ń kà yìí, wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ọ̀kan rèé.

Denise, àyà mi kò dára, dókítà tèmi náà kò jẹ́ kí n gun àtẹ̀gùn mọ́. Ìwọ ni àkọ́bí. Méjì ló kù. Lọ wá wọn, ọmọ mi, má sì jẹ́ kí wọ́n ní kó o jókòó dè wọ́n.